Ẹ̀rí Ọ̀mọ̀wé: Bí Amẹ́ríkà Ṣe Ń Yan Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì Tí Yóò Gbà Sílé

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ gba ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà, ìyẹn green card tí gbogbo ayé mọ̀, kò lè kàn lọ sí kọ́ńsúléètì kó ní òun mọ̀wé. Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní I-140. Òun fúnra rẹ̀ tàbí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ ọ́, tí yóò kó ẹ̀rí jọ sẹ́yìn rẹ̀, tí yóò sì fi ránṣẹ́ sí USCIS, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjòjì. Òṣìṣẹ́ tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò kì í sábà jẹ́ onímọ̀ físíìsì tàbí kẹ́mísírì. Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan fi ń da àwọn aṣòfin láàmú láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún: kí ni ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà yóò wò tí yóò fi mọ̀ pé ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n? Ìgbà kan wà tí wọ́n ní ipò rẹ̀ ni kí wọ́n wò. Ìgbà mìíràn dé, wọ́n ní ọ̀gá rẹ̀ ni kí wọ́n bi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní kí ó kó ìwé tó ti kọ wá.

Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé kò tilẹ̀ sí lọ́kàn àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà. Ohun tó ń bí wọn nínú ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń san owó ọkọ̀ fún lébìrà láti Yúróòpù, tí wọ́n ń bá wọn ṣe àdéhùn kí wọ́n tó wọkọ̀, tí wọ́n sì ń fi owó pọ́ọ́kú tí àwọn wọ̀nyí ń gbà já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ onílé. Òfin oṣù Kejì 1885 ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá àjòjì ṣe àdéhùn iṣẹ́ tàbí san owó ọkọ̀ rẹ̀ kó tó dé. Wọ́n yọ àwọn díẹ̀ sílẹ̀, àwọn òṣèré, akọrin, àwọn tó ń ṣe àwíyé ní gbangba, àti ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wá kọrin lè wọlé pẹ̀lú àdéhùn lọ́wọ́; òfin kò dárúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n.

Àléébù òfin náà hàn nígbà tí ìjọ Holy Trinity ní New York pe àlùfáà kan láti England ní 1887, tí ìjọba sì pe ìjọ náà lẹ́jọ́ pé kó wá san owó ìtanràn, bí ẹni pé lébìrà ni wọ́n kó wọ̀lú. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní 1892, àwọn adájọ́ gbà pé bí ènìyàn bá ka òfin náà lẹ́sẹẹsẹ, ó kan àlùfáà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní iṣẹ́ agbára ni àwọn aṣòfin ní lọ́kàn, kì í ṣe iṣẹ́ ọpọlọ. Àwọn aṣòfin fúnra wọn ti ṣáájú ilé ẹjọ́ dé ibẹ̀. Ní 1891 ni wọ́n ti tún òfin náà ṣe, tí wọ́n yọ àlùfáà, ọ̀jọ̀gbọ́n ilé ẹ̀kọ́ gíga àti àwọn tó ní iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kúrò lára àwọn tí òfin àdéhùn dè. Láti ìgbà náà ni òfin Amẹ́ríkà ti ń ya ẹni tó ń fi orí ṣiṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń fi apá ṣe é.

Ìyàtọ̀ yìí kò jọ ẹnikẹ́ni lójú títí ìgbà tí wọ́n fi òté lé iye àjòjì. Òfin 1921 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ti 1924 sì wá fún un mọ́ra. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ìpín, ìpín náà kò sì ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ rẹ̀ tí ètò ìkànìyàn 1890 bá ní Amẹ́ríkà. Wọn kò ṣèèṣì mú 1890. Ní ọdún náà, àwọn ará Ítálì, àwọn Júù láti Rọ́ṣíà àti àwọn ènìyàn Ìlà Oòrùn Yúróòpù kò tíì pọ̀ níbẹ̀. Ní ti àwọn ará Éṣíà, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn lójú. Síbẹ̀, abala kẹrin òfin náà fi àlàfo kan sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ń ṣe iṣẹ́ àlùfáà, tàbí iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì, kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí sẹ́mínárì, fún ọdún méjì gbáko kó tó béèrè físà, tó sì ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ kan náà, wọn kò ní kà á mọ́ ìpín. Ó lè mú ìyàwó rẹ̀ dání, àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Àga tí ènìyàn jókòó lé ni ẹ̀rí rẹ̀. Ohun tó wà nínú orí rẹ̀ kò kan òfin.

Ọdún mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn náà ni Hitler gorí àlééfà ní Jámánì. Ní oṣù Kẹrin 1933, òfin jáde tó lé àwọn Júù àti àwọn alátakò kúrò nídìí iṣẹ́ ọba, iṣẹ́ ọba sì ni iṣẹ́ yunifásítì níbẹ̀. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ pàjáwìrì sílẹ̀ ní New York láti dóòlà àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n lé. Stephen Duggan ni akọ̀wé rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Edward R. Murrow, tí ohùn rẹ̀ wá gba rédíò kan nígbà ogun, sì ni igbákejì rẹ̀. Yunifásítì ni yóò kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ ẹnì kan. Ìgbìmọ̀ á gbé apá kan owó oṣù kalẹ̀, Rockefeller Foundation á sì sábà gbé apá kejì. Owó irú èyí ló gbé Emmy Noether, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ìṣirò tó lókìkí jù lọ nígbà náà, dé kọ́lẹ́ẹ̀jì Bryn Mawr ní 1933. Kí ìgbìmọ̀ náà tó kógbá wọlé ní 1945, nǹkan bí 6,000 ọ̀mọ̀wé ló béèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí ọwọ́ rẹ̀ tó jẹ́ 335.

Owó kò tó, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan ni ìṣòro. Kọ́ńsúlù á bi ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ti lé láti 1933 pé níbo ló ti kọ́ni ní ọdún méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ẹni tí Hitler gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni òfin Amẹ́ríkà tún ń bá wí pé kò níṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ní ilé ìwádìí láìkọ́ ọmọ ilé ìwé kankan tún wà, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì gba ipò, àti àwọn obìnrin tí yunifásítì Yúróòpù kò fẹ́ gbé àga fún. Leonore Brecher jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀dá oníyè ní Vienna, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí àwọ̀ labalábá ṣe ń yí padà láti ìgbà tó ṣì wà nínú ìdì rẹ̀. Vienna kò gbà kó di olùkọ́ yunifásítì. Nítorí pé kò ní àga, àlàfo tí òfin 1924 fi sílẹ̀ kò gbà á. Ní 1942 àwọn Násì kó o lọ sí Maly Trostinec, wọ́n sì pa á níbẹ̀.

Einstein, tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe físà àwọn ọ̀mọ̀wé tó ta yọ lónìí, kò bọ́ lọ́wọ́ wàhálà kọ́ńsúlù. Ní oṣù Kọkànlá 1932, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ní Amẹ́ríkà fi ìwé gígùn olójú ewé mẹ́rìndínlógún ránṣẹ́ sí ìjọba pé kí wọ́n má fún un ní físà, pé kọ́múníìsì ni. Ní oṣù Kejìlá, kọ́ńsúléètì Amẹ́ríkà ní Berlin pe ọkùnrin tó ti gba ẹ̀bùn Nobel fún 1921 jókòó, wọ́n ń bi í ní ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà àti ìdí ìrìn àjò rẹ̀. Inú bí i, ó ní bí wọn kò bá fẹ́ òun, òun kò lọ mọ́. Físà náà yọ kíákíá. Nígbà tó dé Princeton ní 1933, físà àlejò ló fi wọlé, òfin sì sọ pé kò sí bí àlejò ṣe lè di onílé láì kọ́kọ́ jáde. Ní 1935, ó wọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ìdílé rẹ̀ lọ sí Bermuda, ó bá kọ́ńsúlù Amẹ́ríkà níbẹ̀, ó gba físà tuntun, ó sì padà wọlé bí ẹni tó fẹ́ gbélùú. Ní 1940 ló di ọmọ Amẹ́ríkà.

Ọgbọ́n Bermuda yìí tún wúlò lẹ́yìn ogun, fún irú àwọn ènìyàn mìíràn pátápátá. Láti 1945, àwọn ológun Amẹ́ríkà kó nǹkan bí 1,600 onímọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ẹnjiníà Jámánì wọ̀lú ní bòókẹ́lẹ́, Wernher von Braun tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì V-2 sì wà lára wọn. Wọn kò ní físà. Ológun ló kó wọn wá, ológun ló ń ṣọ́ wọn, lójú òfin ìwọ̀lú ńṣe ló dà bíi pé wọn kò dé. Kí wọ́n lè dé, wọ́n kó wọn láti Texas gba ẹnubodè kọjá sí Ciudad Juárez ní Mẹ́síkò, kọ́ńsúléètì tó wà níbẹ̀ fún wọn ní físà, wọ́n sì padà wọ El Paso. Ti von Braun bọ́ sí oṣù Kọkànlá 1949. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà nínú ẹgbẹ́ Násì rí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba kan náà gba àṣẹ ṣíṣe iṣẹ́ àṣírí kúrò lọ́wọ́ Qian Xuesen, ọmọ Ṣáínà tó wà lára àwọn tó dá ilé ìwádìí rọ́kẹ́ẹ̀tì JPL sílẹ̀ ní California, wọ́n ní kọ́múníìsì ni, wọ́n dá a dúró fún ọdún márùn-ún, wọ́n sì jẹ́ kó padà sí Ṣáínà ní 1955. Ibẹ̀ ló ti di bàbá rọ́kẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ wọn. Ẹni tó bá ń wá ìlànà kan ṣoṣo nínú bí wọ́n ṣe ń yan ọ̀mọ̀wé ní àsìkò yẹn yóò wá a tì.

Ìwé ìbéèrè fúnra rẹ̀, ní irú ìrísí tí a mọ̀ ọ́n sí, ọmọ òfin 1952 ni. Ààrẹ Truman kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin náà, ó ní kò bójú mu kí Amẹ́ríkà ṣì máa fi ìlú tí wọ́n ti bí ènìyàn díwọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin dìbò borí rẹ̀. Wọ́n fi ìdajì ìpín orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan pamọ́ fún àwọn tí Amẹ́ríkà nílò ní kánjúkánjú nítorí ìmọ̀ gíga, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tàbí ẹ̀bùn tó ju ti ẹlẹgbẹ́ wọn. Kì í ṣe àga ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń béèrè mọ́, èyí sì dára fún olùwádìí tí kì í kọ́ni. Ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ ló gbọdọ̀ kọ̀wé béèrè rẹ̀, kó sì sọ ìdí tí kò fi rí irú rẹ̀ nílé. Òun gan-an kò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ìpín náà sì ṣì jẹ́ ìpín. Gẹ̀ẹ́sì ní ohun tó lé ní 65,000 àyè lọ́dún tí kò tilẹ̀ lò tán. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Éṣíà àti Áfíríkà ní 100 péré. Nàìjíríà, tó ṣì wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọdọ̀ gbà ju 100 lọ nínú ìpín ọ̀gá rẹ̀. Ìdajì 100 kò lọ jìnnà.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá 1965, ní erékùṣù tí ère Òmìnira wà, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tó fọ́ ìpín orílẹ̀-èdè túútúú. Gbogbo ayé tó wà ní òdìkejì òkun pín 170,000 àyè lọ́dún, orílẹ̀-èdè kan kò sì gbọdọ̀ gbà ju 20,000 lọ. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti ìpele kẹta, tí í ṣe ti àwọn tó ní iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé àti àwọn tí ẹ̀bùn wọn nínú sáyẹ́ǹsì tàbí iṣẹ́ ọnà ju ti ẹlẹgbẹ́ wọn. Dókítà, ẹnjiníà àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti Índíà, Taiwan, Kòríà àti Philippines gba ibẹ̀ wọlé lọ́pọ̀ yanturu, ojú àwọn yunifásítì àti ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà sì yí padà láàárín ogún ọdún.

Òfin 1965 tún mú ohun tuntun kan wá tí ojú ọ̀pọ̀ òpìtàn máa ń fò. Ilé Iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ gbọdọ̀ jẹ́rìí pé kò sí ọmọ ilẹ̀ tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ fún iṣẹ́ náà, àti pé gbígba àjòjì kò ní já owó iṣẹ́ wálẹ̀. Fún àwọn ìmọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó wọ́n, ìjọba ti fọwọ́ sí i ṣáájú, nítorí náà ẹni ìpele kẹta lè kọ̀wé fúnra rẹ̀ láìtíì ní ọ̀gá kankan. Fún ọdún mẹ́wàá àti díẹ̀ ni àyè yìí fi ṣí sílẹ̀. Ní 1976, nígbà tí iṣẹ́ kò pọ̀ mọ́ tí ọ̀rọ̀ dókítà àjòjì sì ti di àríyànjiyàn, wọ́n ti í. Láti ìgbà náà, ẹni ìpele kẹta náà gbọdọ̀ ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kó tó béèrè. Ohun kan ni wọ́n fi tu àwọn yunifásítì lójú: fún olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga àti àwọn tí ẹ̀bùn wọn ta yọ, kò tó kí ọmọ ilẹ̀ kan kàn lè ṣe iṣẹ́ náà kó tó dí àjòjì lọ́nà, ó gbọdọ̀ kún ojú òṣùwọ̀n bíi tirẹ̀. Àǹfààní yìí ṣì wà nínú òfin títí di òní, àwọn agbẹjọ́rò yunifásítì kì í sì í fi ṣeré.

Lápá Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àwọn ọdún wọ̀nyí kọ́kọ́ jẹ́ ọdún à-lọ-à-bọ̀. Owó epo ń rán ọmọ Nàìjíríà lọ kàwé, iṣẹ́ yunifásítì nílé sì tó ohun à ń padà wá ṣe. Ìgbà tó yá, ọ̀rọ̀ dojú rú. Ní 1985, náírà kan ṣì níye lórí tó bíi dọ́là kan. Ní 1990, lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986, nǹkan bíi náírà mẹ́jọ ló ń ra dọ́là kan. Owó oṣù ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ kò ra jọ́nà mọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ kẹ́míkà ilé àyẹ̀wò. Àwọn olùkọ́ ń lọ sí Saudi Arabia, wọ́n ń lọ sí gúúsù Áfíríkà, wọ́n ń lọ sí Amẹ́ríkà. Ìjọba ti gbé ìpolówó kan sórí tẹlifíṣọ̀n, nípa Andrew tó fẹ́ fi ìlú sílẹ̀, láti fi bẹ àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n má lọ. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín sí Andrew dáadáa, wọ́n sì di ẹrù wọn.

Ní Amẹ́ríkà, ìbẹ̀rù òdìkejì ló gbòde. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ìwádìí kan láti NSF, àjọ ìjọba tó ń fowó ran sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́, kìlọ̀ pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹnjiníà máa tó wọ́n bí ojú. Nígbà tó di 1992, àwọn aṣòfin ti ń tú àṣìṣe inú ìṣirò náà wò ní gbangba, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá 1990, Ààrẹ George H. W. Bush ti fọwọ́ sí òfin tó gbé àyè àwọn tó ń fi iṣẹ́ wọlé láti 54,000 sí 140,000 lọ́dún.

Òfin 1990 yìí ni gbogbo olùwádìí tó ń kọ I-140 lónìí ṣì ń bá yí. Ó pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tó ga jù, EB-1A, jẹ́ ti ẹni tó ní ẹ̀bùn àrà ọ̀tọ̀, tó wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tó dé téńté nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò nílò agbanisíṣẹ́, kò nílò ìwé Ilé Iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́. EB-1B jẹ́ ti ọ̀jọ̀gbọ́n àti olùwádìí tó ta yọ, tó ti lo ọdún mẹ́ta ó kéré tán nídìí iṣẹ́, tí yunifásítì tàbí ilé iṣẹ́ kan sì ti fún ní iṣẹ́ tí kì í ṣe ti onígbà díẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni ni, ó gbọdọ̀ ní olùwádìí mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ alákòókò kíkún. Ẹ̀kẹta ni NIW, tó wà lábẹ́ ìpele kejì, EB-2, tí ìjọba fi lè gbójú fo ọ̀rọ̀ agbanisíṣẹ́ bí iṣẹ́ ẹni náà bá jẹ́ fún àǹfààní orílẹ̀-èdè. Ẹnu tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olùwádìí ní 1976 ni wọ́n dá padà fún un.

Ta ló wá fẹ́ dá ẹ̀bùn àrà ọ̀tọ̀ mọ̀? Àwọn tó kọ ìlànà òfin náà sílẹ̀ ní 1991 yẹra fún ìdáhùn tààrà. Wọ́n ní bí ènìyàn bá ti gba ẹ̀bùn ńlá tí ayé mọ̀, irú Nobel, ó tán. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó mú mẹ́ta nínú ẹ̀rí mẹ́wàá wá. Àmì ẹ̀yẹ tí kò tó Nobel wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí kì í gba ẹni tí kò ta yọ, ìròyìn tí àwọn ẹlòmíràn kọ nípa rẹ̀, iṣẹ́ ẹlòmíràn tó ti yẹ̀ wò, àwárí tirẹ̀ tó ṣe pàtàkì, àpilẹ̀kọ nínú jọ́nà, àti owó oṣù tó ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àfihàn iṣẹ́ ọnà àti ọjà tí orin tàbí eré ṣe náà wà níbẹ̀, nítorí òfin kan náà ló kan akọrin, eléré ìdárayá àti onímọ̀ kẹ́mísírì. Èyí ṣàlàyé ìdí tí olùwádìí fi máa ń rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n rán aṣọ náà fún.

Bí fáìlì irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí nìyí. Lẹ́tà agbẹjọ́rò ló máa ń wà níwájú, á gùn tó ogún ojú ewé. Lẹ́tà ẹ̀rí márùn-ún sí mẹ́jọ á tẹ̀ lé e; díẹ̀ lára wọn láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó tọ́ ọ nídìí iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wúlò jù ni ti ẹni tí kò bá a pàdé rí, tó kàn mọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé. Lẹ́yìn wọn ni ojú ewé Google Scholar tí wọ́n tẹ̀ jáde, tí wọ́n fi ìlà yẹ́lò sábẹ́ iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn tọ́ka sí i. Ímeèlì àwọn olóòtú jọ́nà tó ní kó bá àwọn ka iṣẹ́ kan tún wà níbẹ̀, èyí tí ọ̀mọ̀wé tí kì í ṣe àjòjì máa ń pa rẹ́ láìkà. Àjòjì kì í pa á rẹ́.

Ìjọba Amẹ́ríkà kò sì dúró de fáìlì nígbà tí ọ̀ràn bá kan án gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1992, ọdún kan lẹ́yìn tí Sófíẹ́ẹ̀tì tú ká, wọ́n ṣe òfin àkànṣe fún onímọ̀ sáyẹ́ǹsì 750 láti ibẹ̀, pàápàá àwọn tó mọ̀ nípa ohun ìjà átọ́míìkì, kẹ́míkà àti kòkòrò àìsàn. Ohun tí wọ́n ń sá fún ni kí Iran tàbí North Korea kọ́kọ́ gbà wọ́n síṣẹ́. Ní ọdún kan náà, òfin mìíràn fún àwọn ọmọ Ṣáínà tó wà ní Amẹ́ríkà nígbà ìpakúpa Tiananmen ní àǹfààní láti gbélùú. Nǹkan bí 54,000 ló gbà á, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì, òfin náà sì ń yọ 1,000 kúrò nínú àyè àwọn ọmọ Ṣáínà lọ́dọọdún láti fi san gbèsè rẹ̀.

Ohun tí àǹfààní orílẹ̀-èdè jẹ́ gan-an, òfin 1990 kò sọ. Ní 1998, ẹjọ́ kan dé iwájú ìjọba nípa ẹnjiníà afárá tí ẹ̀ka ìrìnnà ìpínlẹ̀ New York fẹ́ gbà. Ìjọba kọ̀ ọ́. Wọ́n ní afárá ṣe pàtàkì, kò sí ẹni tó jiyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbójú fo ọjà iṣẹ́ gbọdọ̀ fi hàn pé òun máa ṣe orílẹ̀-èdè lóore ju ọmọ ilẹ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí kan náà lọ fíìfíì. Fún ọdún méjìdínlógún, ìdájọ́ yìí, tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní NYSDOT, dé NIW lórí. Báwo ni olùwádìí ṣe fẹ́ fi ara rẹ̀ wé ọmọ ilẹ̀ kan tí kò sí níbẹ̀?

EB-1A náà ní tirẹ̀. Onímọ̀ físíìsì kan láti Armenia kọ̀wé ní 2003. Ó fi àpilẹ̀kọ rẹ̀ hàn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní kò tó, pé kó mú ẹ̀rí wá pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka àwọn àpilẹ̀kọ náà sí. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ẹkùn kẹsàn-án sọ ní 2010 pé ìyẹn kò sí nínú ìlànà: àpilẹ̀kọ ni òfin béèrè, àpilẹ̀kọ ló mú wá. Síbẹ̀ ọkùnrin náà pàdánù, nítorí ẹ̀rí méjì ló ní dípò mẹ́ta. Ìjọba gba ìdájọ́ náà tán, wọ́n sì rí ọ̀nà mìíràn gbé e gbà. Láti òpin 2010, wọ́n á kọ́kọ́ ka ẹ̀rí. Bó bá pé mẹ́ta, wọ́n á tún gbé gbogbo rẹ̀ wò pọ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ẹni náà dé téńté lóòótọ́. Ìbéèrè tí ilé ẹjọ́ lé jáde lójú ọ̀nà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní mẹ́rin, tó ní márùn-ún, ni ìpele kejì yìí ti dá padà.

Ní oṣù Kejìlá 2016, ìdájọ́ tuntun kan, Dhanasar, gba ipò NYSDOT. Olùwádìí nípa ọkọ̀ òfurufú tó ń sáré ju ohùn lọ lọ́nà púpọ̀ ni ọ̀ràn náà kàn. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù báyìí: ṣé iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe níyì, ó sì kan gbogbo orílẹ̀-èdè? Ṣé òun ni ó lè ṣe é? Bí wọ́n bá wo ọ̀tún wo òsì, ṣé ó san kí wọ́n gbójú fo agbanisíṣẹ́? Ọmọ ilẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ kúrò lọ́nà. Ní oṣù Kìíní 2022, ìjọba Biden fi kún un pé oyè ọ̀mọ̀wé nínú sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò jẹ́ ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ kà sí gidi. Ìwé ìbéèrè ya wọlé. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá ọdún náà, ìlà ti gùn lórí EB-2 fún gbogbo ayé, kódà fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kì í sábà tò.

Ìlà náà kò jọra. Orílẹ̀-èdè kan kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí náà ọmọ Índíà tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé ìbéèrè rẹ̀ lè dúró ju ọdún mẹ́wàá lọ lórí EB-2. Nàìjíríà kò ní ìlà tirẹ̀. Àárín gbogbo ayé ló wà. Ọ̀nà mìíràn tí òfin 1990 ṣí fún un, lọ́tìrì físà tó bẹ̀rẹ̀ fún 1995, ti tì láti ti 2015, nítorí pé ju 50,000 ọmọ Nàìjíríà ló ti wọlé láàárín ọdún márùn-ún. Láti ìgbà náà, ọ̀mọ̀wé tí kò ní ẹbí tàbí agbanisíṣẹ́ níbẹ̀ kò ní ọ̀nà púpọ̀ ju NIW àti EB-1A lọ. Lórí WhatsApp àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé, ọ̀rọ̀ iye ìtọ́kasí àti ẹni tí yóò kọ lẹ́tà ẹ̀rí wọ́pọ̀ bí ọ̀rọ̀ owó ilé. Níbi tí ẹ̀rí bá ti dọjà, àwọn kan á tà á: àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fowó gbà wà níta, bẹ́ẹ̀ ni jọ́nà tó ń gba àpilẹ̀kọ ẹnikẹ́ni tó bá ti san owó.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 2025, Ààrẹ Trump fọwọ́ sí àṣẹ tó fi ohun mìíràn kún ẹ̀rí tí EB-1A àti NIW lè gbà. Ẹni tó bá fi mílíọ̀nù kan dọ́là ta ìjọba lọ́rẹ, àṣẹ náà ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ka owó náà sí ẹ̀rí pé ó ní ẹ̀bùn àrà ọ̀tọ̀ àti pé wíwọlé rẹ̀ jẹ́ àǹfààní orílẹ̀-èdè. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ló fẹ́ san án fún un, mílíọ̀nù méjì ni. Inú 140,000 ti ọdún 1990, tí àwọn olùwádìí ń tò fún, ni àyè wọn yóò ti jáde.